Ìjì tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀: ìdáhùn fún ìyá kan ní Kubwa

Ìyá kan tó ń gbé ní Kubwa, ní Abuja, kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí ìjì ti ká páànù aládùúgbò wa lọ lọ́dún tó kọjá, bí òjò bá ti ṣú ni àyà mi á máa já. Mi ò ní lè jẹun, mi ò ní lè sùn. Síbẹ̀, ojú fèrèsé náà ni màá dúró sí tí màá máa wò ó títí á fi rọ̀ tán. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tiẹ̀ tún burú ju tèmi lọ. Ìta ló ń sá sí láti fi fóònù ya ìjì, fídíò tornado àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì ń wò tọ̀sán-tòru. Ó ní òun fojú ara òun rí ọ̀kan lẹ́yìn iléèwé wọn ní March. Àǹtí mi ní Ìlọrin ní kí n máa fi aṣọ bo dígí, kí n sì ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kí ìjì lè rí ọ̀nà kọjá. Ṣé tornado lè dé Abuja ni? Kí ni kí n ṣe sí ọmọ yìí, kí sì ni kí n ṣe sí ara mi?"

Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Iṣẹ́ ojú ọjọ́ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní Òkè Ọya, ní Kano, ní Jos, kó tó di pé wọ́n gbé mi wá sí Abuja, kò sì sí ìgbà òjò tí irú ìbéèrè yín kì í dé etí mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé, ẹ̀ ń bẹ̀rù pé ìjì lè ba ilé yín jẹ́ kó sì ṣe ọmọ yín léṣe, ẹ sì tún ń bẹ̀rù ara yín, nítorí pé ojú yín kì í kúrò lára ohun tó ń já yín láyà. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń fi ojú ọ̀run ṣiṣẹ́, ẹ̀rù ìjì ló kọ́kọ́ fà wá dé ìdí iṣẹ́ náà. Ibi tí ẹ̀rù yín dojú kọ ni mo fẹ́ yí padà, torí pé ìjì tí ọmọ yín ń wò lórí fóònù kọ́ ni ìjì tó lè ṣí òrùlé yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọmọ yín rí ní March. Ní àsìkò yẹn, oòrùn ti ń pa ilẹ̀ Abuja láti oṣù mélòó kan, ilẹ̀ ti gbẹ, ó ti gbóná janjan. Afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á sì gbéra lọ sókè. Èyí tó wà láyìíká á rọ́ wá gba ipò rẹ̀. Bó bá wá ṣe pé ó ti ń yí díẹ̀ bó ṣe ń rọ́ bọ̀, yíyí náà á máa le sí i bó ti ń fún mọ́ra, á wá di òpó erùpẹ̀ tó ń gbé ewé àti ọ̀rá dání. Ààjà nìyẹn, òun ni àwọn Hausa ń pè ní guguwa. Kì í sábà pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó lè da àtẹ ọjà rú, ó lè ṣí páànù tí wọn ò kàn dáadáa, ó sì lè da iyẹ̀pẹ̀ sí ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe tornado. Ilẹ̀ ni ààjà ti ń dìde, lábẹ́ oòrùn. Tornado, òpó atẹ́gùn líle tó ń yí, abẹ́ ìkùukùu òjò ńlá ló máa ń wà, ó so mọ́ ọn lókè, ó sì kanlẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín bóyá oòrùn ń ràn lọ́jọ́ yẹn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ààjà ló rí. Mo mọ̀ pé nílé wa, àwọn àgbà kì í ka ààjà sí atẹ́gùn lásán. Wọ́n ní ó máa ń gbé ènìyàn wọ igbó lọ, onítọ̀hún á sì fi ìmọ̀ egbòogi bọ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Bó ṣe ń dìde àti bó ṣe ń rọlẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi.

Tornado gan-an ńkọ́? Bí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe tẹ́ ló jẹ́ kó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ju ibikíbi lọ láyé. Atẹ́gùn ọlọ́rinrin ń ti Gulf of Mexico wọlé nísàlẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ ń ti orí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn gun orí rẹ̀, atẹ́gùn mìíràn tó le gan-an tún ń sáré kọjá lókè téńté. Nígbà tí eré atẹ́gùn àti ìhà tó ń kọrí sí bá yàtọ̀ síra tó báyìí láti ìsàlẹ̀ dé òkè, odindi ìkùukùu òjò lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Inú irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ ni àwọn tornado tó burú jù ti ń wá. Wọ́n ń rí èyí tó ju 1,000 lọ níbẹ̀ lọ́dọọdún. Púpọ̀ nínú wọn kò lágbára, ṣùgbọ́n atẹ́gùn èyí tó le jù, tí wọ́n ń pè ní EF5, ń kọjá kìlómítà 320 ní wákàtí kan. Irú rẹ̀ ló jà ní Joplin, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní 22 May 2011, tó pa ènìyàn tó ju 150 lọ. Amẹ́ríkà nìkan sì kọ́ ló ń jìyà rẹ̀: èyí tó jà ní Bangladesh ní 26 April 1989 pa nǹkan bíi 1,300 ènìyàn, nítorí pé ilé wọn kò lágbára, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn. Ṣé ó lè dé Abuja? Mi ò ní sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé, torí ìkùukùu òjò tó bá lágbára níbikíbi lè bí kékeré kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtò atẹ́gùn tó ń bí àwọn òmìrán tó wà nínú fídíò yẹn kì í wà lórí wa bó ṣe ń wà lórí Oklahoma àti Kansas ní Amẹ́ríkà. Tí mo bá ń gbé Kubwa bíi tiyín, kì í ṣe òun ni màá máa rò lálẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà fi ojú ara yín dá wọn mọ̀. Tetsuya Fujita, ọmọ Japan tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, tó gbé ìdíwọ̀n agbára tornado kalẹ̀ ní 1971, ohun tó wó lulẹ̀ ló máa ń yẹ̀ wò lẹ́yìn ìjì. Bí tornado bá jà, igi á ṣubú síhìn-ín, á ṣubú sọ́hùn-ún, wọ́n á dojú kọra. Bó bá jẹ́ atẹ́gùn tó ń tú jáde láti abẹ́ òjò ni, ìhà kan náà ni ohun gbogbo máa ń wó sí. Ẹ rántí ọjọ́ tí páànù aládùúgbò yín lọ. Ìhà ibo ni àwọn páànù náà balẹ̀ sí? Ìhà ibo ni ẹ̀ka igi ya sí? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá a lóhùn fún yín láti ibí: ìhà ìwọ̀-oòrùn ni.

Ìdí tí mo fi lè sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìlà-oòrùn ni ìjì wa ti ń wá. Èyí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, torí wọ́n ti gbọ́ pé láti orí òkun ni òjò ti ń wá, òótọ́ sì ni. Láti nǹkan bí April, atẹ́gùn ọlọ́rinrin láti Gulf of Guinea ń gba gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wọlé dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló wà lórí rẹ̀, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sókè, atẹ́gùn kan sì wà níbẹ̀ tó ń sáré láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní gbogbo ìgbà òjò, tí eré rẹ̀ sábà ń tó kìlómítà 40 sí 50 ní wákàtí kan. Òun ló ń darí ìjì wa. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá ti mú kí ìkùukùu dìde, pàápàá lórí àwọn ilẹ̀ gíga Jos, òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn kọjá. Apá kan nínú rẹ̀ á gbẹ kó tó kanlẹ̀. Bó ti ń gbẹ, ó ń mú kí afẹ́fẹ́ náà tutù, afẹ́fẹ́ tó bá sì tutù máa ń wúwo. Á já wá sílẹ̀ pẹ̀lú agbára, á sì tú káàkiri bí ìgbà tí ènìyàn da garawa omi sórí símẹ́ńtì. Atẹ́gùn tútù tó ń gbá ilẹ̀kùn yín pọ̀ kí òjò tó dé nìyẹn.

Kò sì parí síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń di ìyanu. Bí atẹ́gùn tútù yìí ṣe ń rìn lọ, abẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ọlọ́rinrin tó wà níwájú ló ń wọ̀, ó ń tì í sókè, ìkùukùu tuntun á sì dìde níwájú èyí tó ti ń rọ̀. Ìjì náà ń bí ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Á wá tò gbọọrọ láti àríwá dé gúúsù, ó lè gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, á sì máa rìn tòru-tòru. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Jos nírọ̀lẹ́ lè kọjá lórí Abuja lóru, kó sì dé Ìlọrin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìjì kan náà ló ń já ẹ̀yin àti àǹtí yín láyà lóru kan náà. Atẹ́gùn iwájú rẹ̀ lè tó kìlómítà 70 tàbí 80 ní wákàtí kan, nígbà mìíràn ó ń kọjá 100. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìgbà òjò ló burú jù, torí àkókò yẹn ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣì wà nítòsí lókè. Nígbà tí August bá dé, òjò á pọ̀, ṣùgbọ́n ìjà inú rẹ̀ á dín kù. Ẹ óò rántí pé June ni, ní 2018, nígbà tí ìjì líle ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ nílùú Bauchi, tí ènìyàn sì kú. Tí ẹ bá lọ sókè sí i, ní Katsina, Sókótó tàbí Maiduguri, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ jù, atẹ́gùn náà á gbé erùpẹ̀ dìde bí ó ti ń bọ̀, ọ̀sán gangan á ṣókùnkùn. Mo ti rí i ní Kano, tí gbogbo ìhà ìlà-oòrùn pọ́n láti ilẹ̀ dé ojú sánmà, tí kò sì sí ìró kankan. Ẹwà rẹ̀ ń dẹ́rù bani. Ó yé mi dáadáa ìdí tí ẹsẹ̀ yín kì í fi kúrò lójú fèrèsé.

Nítorí náà, ìyá wa, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ewu ń bọ̀, ẹ má wo ìhà òkun. Ẹ wo ìlà-oòrùn, ìhà Nyanya, ìhà Keffi. Ọjọ́ tí ooru bá mú tó bẹ́ẹ̀ tí ara ń rin ṣìnkìn, tí ewé kankan kò mì ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ìkùukùu dúdú kan bá wá tẹ̀ bí ọrun ní ìlà-oòrùn, tí mànàmáná ń kọ nínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti Jos sí Abuja tó nǹkan bíi kìlómítà 185 bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, ìjì tó bá sì ń rìn ní 50 sí wákàtí kan á gbà tó wákàtí mẹ́rin kó tó dé. Ẹni tí ìbátan rẹ̀ ń gbé ní Jos tàbí Akwanga ní ju ìkìlọ̀ ẹ̀rọ lọ: ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn tútù bá ti kan ojú yín, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló kù. Ooru lè fi dígírì mẹ́wàá wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má jáde lọ ká aṣọ nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé torí kì í ṣe tornado, eré ọmọdé ni. Ní 29 October 2006, ọkọ̀ òfuurufú kan gbéra ní Abuja, ó ń lọ sí Sókótó. Ìjì òjò wà nítòsí pápákọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi já lulẹ̀. Nínú ènìyàn 105 tó wà nínú rẹ̀, mẹ́sàn-án ló yè é. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tó kú. Àwọn olùwádìí sọ pé wọ́n gbéra nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ojú ọjọ́ kò dára, atẹ́gùn tó ń yí ìhà àti eré padà lójijì sì bá wọn níbẹ̀. Ìparí ìgbà òjò ni October. Mo máa ń rántí ọjọ́ yẹn nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ń bínú pé wọ́n dá ọkọ̀ òfuurufú dúró nítorí òjò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a dúró.

Ó kan ìmọ̀ràn àǹtí yín. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí fèrèsé. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ṣí i kí ilé má baà bú, ìwádìí ló wá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn tó ń sáré kọjá lórí páànù ń fà á sókè. Atẹ́gùn tó bá gba fèrèsé wọlé ń tì í láti ìsàlẹ̀. Tí méjèèjì bá pàdé lórí òrùlé kan, ó ti tán. Agbára rẹ̀ kì í sì í gòkè díẹ̀díẹ̀: tí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń fi ti ilé á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, pàápàá àwọn tó kọjú sí ìlà-oòrùn, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ sí yàrá àárín tàbí kọ́rídọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi wo òrùlé yín. Níbi tí mo ti rí òrùlé tó ṣí ní Abuja àti ní Kaduna, páànù kì í sábà jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Odindi òrùlé ló ń lọ, pákó àti páànù lápapọ̀, nítorí pé káfíńtà kan gbé pákó lé orí ògiri láìde é mọ́ ọn. Ó yẹ kí wáyà líle tàbí irin pẹlẹbẹ ti inú bílọ́ọ̀kù jáde wá, kó sì di pákó náà mú ṣinṣin. Owó rẹ̀ kéré nígbà tí wọ́n bá ń kọ́lé. Lórí ilé tó ti dúró, ó ṣì ṣeé ṣe, ó kàn ń ná ni lówó díẹ̀ sí i ni. Òrùlé tó dà sílẹ̀ sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fara da ìjì ju èyí tó dà sí ìhà méjì lọ. Òkúta àti táyà tí àwọn ènìyàn ń kó lé orí páànù kò lè dá ìjì líle dúró. Tí páànù bá lọ, wọ́n á di ohun tó ń já lu ènìyàn lórí.

Ohun tó ń pa ènìyàn jù lọ nínú ìjì wa, lójú tèmi, kì í ṣe atẹ́gùn fúnra rẹ̀, ohun tí atẹ́gùn ń bì wó ni: ògiri fẹ́ǹsì tí kò ní òpó, igi dógóyárò àti máńgòrò tó ti gbó, pátákó ìpolówó lójú títì, wáyà NEPA tó já sínú omi. Èyí ni mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tí òjò bá ká mọ́ ojú ọ̀nà pé kó má fara ti fẹ́ǹsì, kó má sì sá sábẹ́ igi.

Dígí kì í fa mànàmáná. Bó bá ń fi àǹtí yín lọ́kàn balẹ̀ kí wọ́n bo tiwọn, kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì kúrò lára iná, kí ẹnikẹ́ni má sì di fóònù tó ń gba ṣáájì mú. Fóònù fúnra rẹ̀ kì í pe àrá. Wáyà tó so ó mọ́ ògiri ni iná lè gbà dé ọwọ́ yín. Ẹ óò rántí màlúù 36 tó kú lẹ́ẹ̀kan náà ní Ìjàrẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní September 2019. Àwọn ará ìlú sọ pé orí òkè ọ̀wọ̀ wọn ni àwọn màlúù náà gùn. Bí mànàmáná ṣe lè pa ọ̀pọ̀ ẹran papọ̀ ni pé tó bá ti kanlẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn káàkiri inú ilẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú màlúù jìnnà sí ti ẹ̀yìn, iná náà á gba ìkan wọlé, á gba àyà kọjá, á gba èkejì jáde. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ igi fi burú, àní bí igi náà kò bá wó. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ máa kà á: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan. Tí àrá bá sán kí ẹ tó ka ọgbọ̀n, ẹ wọlé, kí ẹ sì dúró títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. Inú ọkọ̀ onírin tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ dára; kẹ̀kẹ́ NAPEP àti ọ̀kadà kò lè gbà yín.

Ọmọ yín, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ tó ní sí ìjì níye lórí, mo sì fẹ́ kó dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ ìtàn El Reno fún un, ní Oklahoma, 31 May 2013. Tornado tí ọjọ́ náà fẹ̀ tó kìlómítà 4.2, òun ló fẹ̀ jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n tíì wọ̀n. Tim Samaras, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ẹ̀rọ ìwádìí sójú ọ̀nà wọn, kú níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Paul àti ẹnìkejì wọn Carl Young. Kì í ṣe aláìmọ̀kan rárá. Ìjì náà yí ìhà àti eré padà lójijì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un níṣẹ́ tó lè ṣe láti inú ilé: kó kọ àkókò tí atẹ́gùn yí padà sílẹ̀, ìhà tó ti wá, iye ìṣẹ́jú-àáyá láàárín mànàmáná àti àrá. Kó gbé agolo tí ara rẹ̀ gún régé síta kí òjò tó dé, kó fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ ní mìlímítà lọ́jọ́ kejì. Ìwọ̀n òjò gidi nìyẹn. Kó sì mọ̀ pé kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ló ní ìjì tó tó wò: púpọ̀ nínú àwọn ìjì òkun ńlá tó ń kọlu àwọn erékùṣù Caribbean àti etíkun Amẹ́ríkà, inú rúkèrúdò atẹ́gùn tó kọjá lórí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba Senegal bọ́ sójú òkun. Ó lè jẹ́ ìgbì atẹ́gùn tó gbé ìjì kọjá lórí Kubwa ni àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ lè bi mí bóyá ìjì ń pọ̀ sí i. Ní ìhà Sahel, ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, tó kan Sókótó, Katsina, Kano àti Borno, bẹ́ẹ̀ ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017, tí wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì ọdún márùndínlógójì ṣe, fi hàn pé àwọn ìjì tó le jù níbẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta láti 1982, wọ́n sì so ó mọ́ bí Sàhárà ṣe ń gbóná sí i. Abuja wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, mi ò sì ní gbé nọ́ńbà yẹn lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má gbàgbé pé ìjì wọ̀nyí ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú òjò wá fún àwọn àgbẹ̀ jéró àti ọkà bàbà ní òkè yẹn. Ọdún tí wọn ò bá wá, ebi ló ń wá. Ní ti ìkìlọ̀, NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ń kéde ìjì òjò, sátẹ́láìtì sì ń ya ojú ọ̀run wa léraléra láàárín wákàtí kan. A lè sọ pé ìjì ń bọ̀ lórí Nasarawa àti Abuja ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ lónìí pé òpópónà yín ni páànù á ti ṣí lọ́la. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má gbà á gbọ́.

Ó wá ku ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ̀rù tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń rọlẹ̀, mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní February, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pe káfíńtà tó mọṣẹ́, kó gun òkè àjà, kó wò ó bóyá pákó so mọ́ ògiri, bóyá ikán ti jẹ ẹ́, bóyá ìṣó ti dípẹtà. Bó bá jẹ́ ilé àyágbé ni, ẹ mú ọmọ yín dání lọ bá onílé, kí ẹ sọ fún un pé òrùlé tó lọ á ná an ju wáyà lọ. Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn lórí páànù. Ẹ mọ yàrá tí ẹ máa sá sí, kí ẹ tọ́jú tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, bó bá ṣú ní ìlà-oòrùn, ẹ wò ó dáadáa láti ọ̀nà jíjìn, ẹ jọ wò ó; tí ewé àkọ́kọ́ bá sì ti yí padà sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ kúrò lójú gíláàsì, ẹ wọ yàrá àárín lọ. Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí àyà yín ṣì ń já tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò lè jẹun tàbí sùn ní gbogbo ìgbà òjò, iṣẹ́ tèmi ti parí síbẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn, kí ẹ má tijú rẹ̀, ẹ má sì dúró di April.